Ògiri Adéníran ní Etí Odò Ògìdì

Adéníran Akínlolú ṣe iṣẹ́ bíríkìlà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Nínú gbogbo ohun tó kọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló pa èèyàn. Ìtàn èyí tó pa èèyàn ni mo fẹ́ sọ. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀.

Ìgbemo ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé àgbẹ̀ onírẹsì tó ń lọ sí ìjọ Àgùdà. Oko ìrẹsì kò wù ú. Nígbà tó di ẹni ọdún méjìlélógún, ó tẹ̀lé agbaṣẹ́ṣe kan lọ sí etí òkun, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọ ìlú. Iṣẹ́ wọn ni láti to òkúta ńláńlá sí etí omi kí ìgbì má baà dé ilé. Wọ́n tò ó dé ìdajì ìlú, iṣẹ́ dúró, agbaṣẹ́ṣe kó ẹrù rẹ̀ lọ. Níbi tí òkúta dé, ilẹ̀ dúró. Níbi tí òkúta parí sí, òkun yí orí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Láàárín òjò méjì, ó gbé ilé ìwé, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ilé bí ogún. Àwọn tó ń gbé lápá ibẹ̀ kó àjẹ̀ ọkọ̀ wọn, wọ́n wá bá àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ní àgọ́. Wọ́n fi àjẹ̀ gbá Adéníran lẹ́nu, eyín iwájú méjì sì bọ́. Ẹni tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dìde mọ́.

Ó padà sí Èkìtì pẹ̀lú àlàfo lẹ́nu. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pa ìtàn yìí fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, pàápàá bí wọ́n bá jókòó jẹun ọ̀sán. Á fi ìka kan àlàfo náà, á ní ẹ wò ó, àwọn tó ní ká to òkúta wà nílé wọn, èmi tí mo tò ó ni wọ́n gbá lẹ́nu. A ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀ rí. Mo máa ń bá a po yanrìn pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì nígbà ìsinmi, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ lónìí pé Adéníran kò mọ ohun tí omi máa ń ṣe níbi tí ògiri bá parí sí.

Ó kọ́ ilé tirẹ̀ ní àdúgbò wa ní Adó, ní bèbè odò Ògìdì. Odò kékeré ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adìẹ lè gba inú rẹ̀ kọjá kí omi má kan ìyẹ́ rẹ̀. Ọparun àti gbòdògì ló bo bèbè náà nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀. Adéníran gé wọn, ó hú gbòǹgbò wọn, ó dáná sun wọ́n, kí ilẹ̀ rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá fẹ̀ sí i. Gbogbo onílé apá tiwa ló ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará òdìkejì, tí wọn kò lówó láti kọ́ ilé dé etí omi, fi ọparun tiwọn sílẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ìyá Adéníran kú ní Ìgbemo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ọmọ́bọ́láńlé, ní ẹ̀gbẹ́ bàbá wọn ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n tilẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀. Adéníran gbé òkú wá sí Adó. Ó ní ilé tí kò bá ní sàréè kò yàtọ̀ sí ilé àyágbé. Báyìí la ṣe ń rò ó níbí lóòótọ́: ilé tí òbí bá sùn sí ni ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ agbára gbà lọ́wọ́ ọmọ. Iwájú ilé la sì máa ń sin wọ́n sí, kí àlejò lè rí i kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n Adéníran ti fi iwájú ilé kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì. Ó sin ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ní ogún ẹsẹ̀ bàtà sí odò. Ó fi táìsì funfun bo sàréè náà, ó gbé àgbélébùú kọnkéré lé e lórí. Ọmọ́bọ́láńlé kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n la gọ́tà ńlá ní òkè odò, tí wọ́n darí omi títì mẹ́ta sínú Ògìdì. Omi tó ń rìn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sí gbòǹgbò kankan mọ́ ní bèbè tiwa tó lè di erùpẹ̀ mú. Ní ọdún àkọ́kọ́, ogún ẹsẹ̀ bàtà di mẹ́rìnlá. Ní ọdún kejì, ó di mẹ́jọ. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, Adéníran á mú tépù ní àárọ̀, á wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ sàréè dé etí omi, kò sì ní sọ iye tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù hàn sí gbogbo wa. Bí sàréè yẹn bá ya sínú odò, yóò di ẹni tó gbé ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, tó sì gbé e fún omi. Wọn yóò máa fi bú ọmọ rẹ̀ Monínúọlá títí tí òun náà yóò fi bímọ.

Ọmọ́bọ́láńlé gbọ́ ní Ìgbemo, ó sì wá ní ọjọ́ Àìkú kan pẹ̀lú katikíìsì ìjọ wọn. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni. Ó rìn yí sàréè náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo odò, kò sì gbé ohùn sókè.

"Níran, jẹ́ ká gbé ìyá wa lọ sílé. Mi ò ní bú ọ. Mi ò ní rán ọ létí láéláé. Katikíìsì rè é, yóò gbàdúrà, a ó ra pósí tuntun, ó parí."

"Ulé wọn rè é, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ulé tí omi ń jẹ lẹ́sẹ̀."

"Bíríkìlà ni mí. Ẹ jẹ́ n ṣe iṣẹ́ mi."

Katikíìsì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òkú kì í bínú sí ẹni tó bá gbé e kúrò nínú omi. Adéníran dá a lóhùn pé òun kò tíì gbọ́ pé sìmẹ́ńtì bẹ̀rù odò rí. Ọmọ́bọ́láńlé wọ mọ́tò padà sílé láìmu omi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Adéníran lọ bá Akínbọ́lá, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe ìpàdé. Wọ́n fẹnu kò pé ògiri kọnkéré yóò bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa, yóò kọjá lẹ́yìn ilé márùn-ún, yóò sì parí sí ilé Adéníran. Wọn kò pe àwọn ará òdìkejì. Odò ni ààlà ẹgbẹ́ náà, ẹni tó bá wà ní òdìkejì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ìwé ìpàdé wà lọ́wọ́ bàbá mi. Mo ti kà á. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí omi yóò gbà.

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi kọ́ ọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Adéníran kò gba irin tó tín-ín-rín, kò gba yanrìn tó ní ẹrẹ̀. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ó sì gùn tó igba. N kò rí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Adó. Mo sọ fún un pé ó yẹ kó fi ihò sí i, kí omi tó bá wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè máa ṣàn jáde. Ó ní ihò ni eku ń bá wọlé. Mo tún sọ pé òdìkejì ni gbogbo agbára odò yóò lọ, àti pé ó sàn kí a tún ọparun gbìn, ká sì gbé ìyá lọ sí Ìgbemo. Ó fi ṣọ́bìrì lé èjìká, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ yunifásítì. Ìwé rẹ mọ omi. Ṣé omi náà mọ ìwé rẹ?"

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin. Omi wá, ó kọlu ògiri, ògiri kò mì. Akínbọ́lá ra bíà, wọ́n jókòó lórí ògiri náà wọ́n ń mu ún. Ògiri kì í pa agbára omi, ó kàn ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ni. Ní ọjọ́ kan náà, odò fa ọparun òdìkejì tu, ó sì gbé ilé ìdáná Kíkẹ́lọmọ lọ pẹ̀lú sítóòfù àti àga inú rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀, Olúwaṣeun, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò kí àrùn tó rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, nítorí ibẹ̀ ló tutù, ó sì máa ń fẹ́ràn láti wo odò. Yàrá yẹn ló wá kù tí odò yóò kàn. Kíkẹ́lọmọ gba orí afárá yí wá sí apá tiwa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó bá Adéníran níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó kí i dáadáa. Ó ní omi ti gbé ilé ìdáná òun, pé ògiri yìí ló ń tì í sí àwọn. Adéníran ní òun bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ògiri kò lọ́wọ́ tó fi ń ti ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Monínúọlá," ni obìnrin náà wí, "ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn eyín yín fún mi nígbà tí mo ń wẹ egbò ẹsẹ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ títí ẹ̀rín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Adéníran dá a lóhùn: "Ẹ mọ tiyín náà, Nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ṣe tán, mo lè wá mọ ọ́n fún yín."

"Bí mo bá mọ tèmi, ta ni omi yóò wá lọ bá?"

"Kí ará ìsàlẹ̀ mọ tiwọn."

Kíkẹ́lọmọ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ Akínbọ́lá, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ mẹ́ta.

Àbúrò rẹ̀, Jùwọ́n, kò ní sùúrù lẹ́tà. Ọlọ́kadà ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn kó lè máa bá a gbé ọkọ rẹ̀ dìde. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọ inú odò, omi mù wọ́n dé orúnkún, Jùwọ́n gbé òòlù ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri náà. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Adéníran jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó dúró lókè ògiri, ó gbé ṣọ́bìrì sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi ẹnu irin rẹ̀ gbá apá ọ̀tún Jùwọ́n. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Orí egungun náà yọ síta láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, ó funfun, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bò ó. Jùwọ́n ṣubú sínú omi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ òkúta, ọ̀kan la Adéníran níwájú orí. Akínbọ́lá, bàbá mi àti àwọn onílé yòókù sá jáde pẹ̀lú àdá, wọ́n ń fi pẹlẹbẹ àdá na àwọn ọmọ náà lẹ́yìn títí wọ́n fi fa Jùwọ́n gòkè ní òdìkejì.

Àwọn ọlọ́pàá mú Adéníran àti Jùwọ́n. Alága ẹgbẹ́ lọ gba Adéníran sílẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Jùwọ́n wà ní àgọ́ wọn títí di ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ wú bí iṣu. Nígbà tí wọ́n fi máa tò ó ní ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n fi irin sí i, ṣùgbọ́n àwọn ìka ọwọ́ náà kò gbọ́ràn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹsàn-án ni ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ ṣẹlẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán. Ní agogo mẹ́ta, odò ti ku ẹsẹ̀ bàtà méjì kó dé orí ògiri, gbogbo rẹ̀ sì ń ti ara ògiri fò lọ sí òdìkejì bí ẹni tí wọ́n lé. Kíkẹ́lọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Jùwọ́n nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èmi àti Adéníran dúró lẹ́yìn ògiri, níbi tí ilẹ̀ kò ti kún. Ògiri ẹ̀yìn yàrá Olúwaṣeun ya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì rí inú ilé: ibùsùn, kàlẹ́ńdà, Olúwaṣeun tó fara ti ìrọ̀rí. Jùwọ́n sá wọlé. Ó ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ apá ọkùnrin náà, ó gbìyànjú láti ki ọ̀tún bọ òdìkejì, ọ̀tún kò dì mú. Ó tún un ṣe. Kò dì mú. Olúwaṣeun ń sọ nǹkan kan fún un tí a kò gbọ́. Ilẹ̀ yàrá bẹ́ lábẹ́ ibùsùn, ibùsùn yí, Jùwọ́n sì fi ọwọ́ òsì di aṣọ ọkùnrin náà mú láyà. Aṣọ náà ya, odò gbé Olúwaṣeun lọ, Jùwọ́n sì kù lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Adéníran sáré lọ mú okùn. Nígbà tó fi padà dé, kò sí ẹni kankan nínú omi tí a lè ju okùn sí.

Wọ́n rí Olúwaṣeun ní ọjọ́ kejì, lábẹ́ afárá kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, láàárín ọ̀rá àti táyà. Apá kan ojú rẹ̀ ti lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn ọ̀dọ́ òdìkejì gba orí afárá wá. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, wọ́n fa Adéníran jáde láti abẹ́ ibùsùn, wọ́n fi pákó ilé rẹ̀ lù ú. Wọ́n dá a ní egungun ìhà mẹ́rin. Àwọn onílé ti ilẹ̀kùn wọn. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó. N kò pe ẹnikẹ́ni.

Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó lè dìde láìdi ìhà mú. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ránṣẹ́ pe Ọmọ́bọ́láńlé. Obìnrin náà wá pẹ̀lú katikíìsì, pósí tuntun àti aṣọ funfun kan. Adéníran kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a gbẹ́ ilẹ̀. Ó fọ́ táìsì, ó gbé kọnkéré òkè kúrò, ṣọ́bìrì kẹta sì kan omi. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, síbẹ̀ omi dúdú kún sàréè náà dé ẹnu. Gbogbo òjò tó rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé láti oṣù kẹrin kò rí ọ̀nà jáde. Ògiri ló dá a dúró síbẹ̀, lórí ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti wà nínú omi láti ìgbà tí wọ́n ti ń mu bíà lórí ògiri.

Pósí ti di ẹrẹ̀. Adéníran sọ̀kalẹ̀ sínú ihò náà, omi mù ún dé ìgbáròkó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kó ìyá rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e lé aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Egungun kò pé. Ó ń wá a lábẹ́ omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ́bọ́láńlé kò bú u gẹ́gẹ́ bó ti ṣe ìlérí. Ó kàn ní, "Ó tó. Gòkè wá." Wọ́n gbé e lọ sí Ìgbemo ní ọjọ́ yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Gbogbo ètò náà, láti àdúrà dé erùpẹ̀ ìkẹyìn, kò gbà ju wákàtí márùn-ún lọ.

Adéníran padà sí Adó ní ọjọ́ kejì, ó gbé òòlù ńlá, ó wọ inú odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri náà láti ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ó lù ú ní gbogbo àárọ̀ pẹ̀lú ìhà tí kò tíì san. Kọnkéré náà le. Kíkẹ́lọmọ jáde sí bèbè tirẹ̀, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń wò ó.

Ariwo òòlù ló pe Akínbọ́lá. Ó wá pẹ̀lú gbogbo onílé, bàbá mi wà láàárín wọn. Akínbọ́lá sọ fún un pé ògiri náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, pé ẹgbẹ́ ló ni ín, pé ìyá tirẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n ilé tàwọn ṣì wà níbẹ̀. Adéníran ń lu ògiri náà lọ. Wọ́n wọ inú odò. Ó fi òòlù gbá alága ní èjìká, alága sì ṣubú. Àwọn yòókù kó bò ó. Bàbá mi, ẹni tó ń ka ìwé mímọ́ ní ìsìn àárọ̀, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí àwọn tó kù lè máa lù ú. Wọ́n tẹ ojú rẹ̀ mọ́ iyanrìn odò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní ìhà náà títí ó fi jọ̀wọ́ òòlù.

Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ó rá dé àárín odò, ó gbójú sókè sí obìnrin náà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dárí jì mí."

"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó lẹ wó?" ni Kíkẹ́lọmọ béèrè.

"Méjì."

"Ó ku igba dín méjì," ló wí, ó sì wọlé.

Akínbọ́lá kó òòlù náà lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ gba bíríkìlà mìíràn, ó sì dí ibi tó fọ́. Adéníran kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wà ní Ìgbemo lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń sọ fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ wò pé òun kò mọ̀ pé omi yóò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, odò sì mú yàrá kejì lára ilé Kíkẹ́lọmọ. Ilé tiwa gbẹ.